Àrokò Tí Ẹni Tí Ó Gbé E Kò Lè Kà

Ní ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá, ẹni tí ó bá ti ra aṣọ lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan lẹ́ẹ̀mejì ti kúrò ní àlejò. Bí ó bá tún yọ lókèèrè nígbà kẹta, ìyá náà yóò ti dìde, yóò kí i kú ọjọ́ mẹ́ta, yóò béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, yóò sì rántí irú àǹkárá tí ó rà níjọ́sí. 'Oníbàárà mi' ni yóò máa pè é. Inú oníbàárà náà yóò dùn, nítorí pé kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí a mọ òun. Láàárín àwọn Yorùbá, kí a rí ni kí a má kí ni, ìwọ̀sí ni. Kí a sì gbàgbé ojú ẹni tí ó ti ṣe ni lóore burú ju ìwọ̀sí lọ. Ìdánimọ̀ jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn okùn tí ó so àwùjọ pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọjà mìíràn ti wà nísinsìnyí tí kò ní òrùlé, tí kò sì ní ìsọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Akọkà, télọ̀ tí ó wà ní Muṣin, olùkọ́ tí ó ń gbé ní Sùúrùlérè, gbogbo wọn ni ó ń ná ọjà náà lórí fóònù wọn. Yábàá gan-an ti di ojúkò iṣẹ́ yìí. Láti 2011 tí Co-Creation Hub ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sí òpópó Herbert Macaulay ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń pọ̀ sí i ní àdúgbò náà. Nínú ọjà yìí pẹ̀lú, a máa ń dá ẹni tí ó padà wá mọ̀. Ẹni tí ó wo bàtà kan lánàá, tí kò rà á, tí kò sì sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, yóò ṣí ìkànnì náà lónìí, yóò sì bá bàtà náà níwájú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ta ni ó sọ fún wọn? Ìbéèrè mìíràn sì wà tí ó ju èyí lọ: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a máa dá ènìyàn mọ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé a dá òun mọ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kí a tó lè dá ẹjọ́ yìí bí ó ti yẹ, ó di dandan kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ìkànnì fi ń mọ ẹni tí ó padà wá. Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ jù lọ: àdírẹ́sì IP ni èkíní, kúkì sì ni èkejì.

Àdírẹ́sì IP ni nọ́ńbà tí ó ń fi ibi tí ìbéèrè kan ti wá hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá kọ lẹ́tà tí kò sì kọ àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, èsì kò ní mọ ọ̀nà ilé. Bákan náà ni fóònù tí ó béèrè ojú ewé kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a ó fi ojú ewé náà ránṣẹ́ sí. Èyí tí a ti ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ìpín mẹ́rin, ìpín kọ̀ọ̀kan a sì máa bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 255. Bí a bá ṣírò gbogbo rẹ̀, kò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn tí ó wà láyé ti ju bílíọ̀nù 8 lọ, ẹlòmíràn nínú wọn sì ní ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta. AFRINIC, àjọ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Mauritius, ni ó ń pín nọ́ńbà wọ̀nyí fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nítorí pé nọ́ńbà kò tó, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù a máa kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ ní Muṣin, níbi tí ilẹ̀kùn ayálégbé kan ti kọjú sí ti èkejì. Nọ́ńbà ojúlé kan ni ó wà lára ògiri, ṣùgbọ́n ènìyàn ogún ni ó ń gbé inú ilé. Ẹni tí ó bá mọ nọ́ńbà ojúlé náà nìkan kò tíì mọ ẹni tí òun ń wá. Ṣé bíríkìlà tí ó wà ní yàrá iwájú ni, àbí opó tí ó ń ta ẹ̀wà ní yàrá ẹ̀yìn? Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà náà a máa yí padà. Fóònù tí ó lo íntánẹ́ẹ̀tì ilé ní òwúrọ̀ yóò gba nọ́ńbà mìíràn bí olówó rẹ̀ bá ti wọ ọkọ̀ dé Ojúẹlẹ́gbà. Nítorí náà, àdírẹ́sì IP nìkan kò tó láti dá ẹnì kan mọ̀ dájú. Ohun tí ó lè sọ kò ju ìlú tí ó ṣeé ṣe kí ènìyàn wà àti ilé iṣẹ́ tí ó ń lò lọ.

Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ojúlé lè bi onílé léèrè. Ilé iṣẹ́ tí ó fún ènìyàn ní nọ́ńbà mọ ẹni tí ó fún, àti wákàtí tí ó fún un. Ìdí nìyí tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù fi sọ ní oṣù kẹwàá 2016, nínú ẹjọ́ tí Patrick Breyer pe ìjọba Jámánì, pé àdírẹ́sì tí ń yí padà pàápàá lè jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn, bí ẹni tí ó ni ìkànnì bá ní ọ̀nà tí òfin fọwọ́ sí láti fi wádìí ẹni tí ó lò ó.

Kúkì ni ọ̀nà kejì, òun ni ó sì jinlẹ̀ jù. Kọ̀ǹpútà tí ó gbé ìkànnì ró jẹ́ onígbàgbé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá ti dáhùn ìbéèrè kan tán, ó ti gbàgbé ẹni tí ó béèrè. Ìbéèrè kejì láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà dà bí ìbéèrè àlejò lójú rẹ̀. Irú onígbàgbé bẹ́ẹ̀ kò lè tajà, nítorí kò ní rántí ohun tí oníbàárà ti kó sínú apẹ̀rẹ̀. Ní 1994, Lou Montulli, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Netscape ní Amẹ́ríkà, wá ọgbọ́n kan dá sí i. Ó ní kí kọ̀ǹpútà ìkànnì kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan tàbí àmì kan, kí ó fi rán ẹni tí ó wá, kí ètò tí ẹni náà fi ń ṣí ìkànnì sì máa pa á mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá tún padà wá, ètò náà yóò mú àmì yìí jáde, yóò sì fi í han kọ̀ǹpútà ìkànnì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a sì fi kúkì ṣe ní gbangba ni láti mọ̀ bóyá ẹni tí ó wá sí ìkànnì Netscape ti wá síbẹ̀ rí.

Bí a bá wo ọgbọ́n yìí dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àrokò ni. Kí ìwé kíkọ tó dé, ẹni tí ó fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lè di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀, kí ó fi rán ọmọ sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí; bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ ẹni náà lọ́rùn, yóò fi owó ẹyọ mẹ́jọ dáhùn pé àwọn jọ wà ni. Ẹni tí ó di àrokò àti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí ni ó mọ ìtumọ̀. Ọmọ tí ó gbé e lọ kò mọ̀ ọ́n, kò sì gbọdọ̀ tú u wò. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín àrokò àtijọ́ àti kúkì. Ẹni tí ó di kúkì náà ni yóò tún gbà á padà, ọ̀rọ̀ tí ó sì di sínú rẹ̀, nípa ẹni tí ó gbé e ni.

Kò yẹ kí a sẹ́ àǹfààní tí ó wà nínú èyí. Láti 2015 ni JAMB ti gbé gbogbo ìdánwò àṣewọ Yunifásítì sórí kọ̀ǹpútà, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wo èsì ìdánwò wọn. Bí kì í bá ṣe ti kúkì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti sọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ ní ojú ewé kìíní yóò ní láti tún un sọ ní ojú ewé kejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Bákan náà, bí olè bá jí ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnì kan, tí ó sì fẹ́ wọ inú àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì láti orí ẹ̀rọ mìíràn, báńkì lè ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ yìí kò mú àmì tí a mọ̀ wá, àdírẹ́sì rẹ̀ sì ṣàjèjì, kí ó sì béèrè ẹ̀rí mìíràn. Níhìn-ín, àrokò náà jẹ́ ààbò fún ẹni tí ó gbé e.

Ibo ni ọ̀ràn wá ti wọ̀ ọ́? Montulli ṣe kúkì lọ́nà tí ó fi jẹ́ pé ìkànnì tí ó fi àmì sílẹ̀ nìkan ni ó lè kà á, kí ẹnì kan má baà lè tọ ènìyàn lẹ́yìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan lè ní àwòrán ìpolówó tí ó ń ti kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ mìíràn wá. Ilé iṣẹ́ ìpolówó náà yóò di kúkì tirẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Bí ilé iṣẹ́ kan náà bá ní ìpolówó lórí ìkànnì ìròyìn, lórí ìkànnì aṣọ àti lórí ìkànnì ètò ìlera, yóò rí àmì kan náà ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò sì mọ̀ pé ẹni tí ó ka ìròyìn ni ó wo aṣọ, òun náà ni ó sì ń béèrè nípa àìsàn. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó sí igun gbogbo ìsọ̀ ní Tẹ́júoṣó, tí kò tajà, tí kò rajà, tí ó kàn ń kọ ohun tí olúkúlùkù fọwọ́ kàn. Ní 1997, ìwé ìlànà àkọ́kọ́ tí àwọn onímọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gbé jáde lórí kúkì dá a lábàá pé kí a má ṣe gba irú èyí láyè bí ẹni tí ó ń lo ẹ̀rọ kò bá fọwọ́ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí ó ṣe ètò ìṣíkànnì nígbà náà kò tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyàwó kan ní Sùúrùlérè tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún mẹ́rin. Kò sọ ìrora rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ọkọ. Ní òru, ó ń fi kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé jọ ń lò ka ọ̀rọ̀ nípa àìrọ́mọbí àti ilé ìwòsàn tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, àbúrò ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà láti ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ìpolówó ilé ìwòsàn àwọn tí ń wá ọmọ ni ó yí ìròyìn náà ká lọ́tùn-ún lósì. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ìyàwó. Kò sí ẹni tí ó dalẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àṣírí ti tú.

Ohun méjì ni àpẹẹrẹ yìí fi hàn. Èkíní ni pé kúkì kò mọ ènìyàn rárá. Ẹ̀rọ ni ó mọ̀, àti àmì tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn kan bá gbàgbé láti jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ ní ilé ìlò-kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá jókòó tẹ̀ lé e ni ìkànnì yóò máa pè ní orúkọ rẹ̀. Ìyá aláṣọ kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ojú àti ìwà ni ó fi mọ oníbàárà rẹ̀. Èkejì ni pé a lè ṣẹ ènìyàn láìsí ẹni tí ó gbèrò ibi sí i. Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ kò ní ìkà nínú, nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ yìí kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí ó dẹ tàkúté sí ojú ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà kò lè sọ pé tàkúté ni ó ṣẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé ẹni tí kò ṣe ohun ìtìjú kò ní ohun tí yóò fi pamọ́. Èrò yìí kò bá ìwà àti àdúrà Yorùbá mu. Àtolówó àtòtòṣì ni ó ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí àwọn. Kì í ṣe nítorí pé gbogbo wọn jẹ́ olè ni wọ́n fi ń gbà á. Wọ́n mọ̀ pé ìṣẹ́, àìsàn, àìrọ́mọbí àti gbèsè jẹ́ ohun tí ó lè bá ọmọlúàbí, pé ẹni tí irú rẹ̀ bá sì dé bá ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tí yóò sọ ọ́ fún. Ìyàwó Sùúrùlérè kò jí nǹkan kan. Ẹ̀tọ́ yíyàn yìí ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àtakò kẹta ni ó lágbára jù. Wọ́n ní, 'Ṣebí a béèrè lọ́wọ́ wọn? Ṣebí àwọn fúnra wọn ni wọ́n tẹ ibi tí a kọ "Mo gbà" sí?' Òótọ́ ni pé òfin Yúróòpù ti 2002, tí a tún ṣe ní 2009, ni ó mú kí ìbéèrè yìí gbilẹ̀ lórí ìkànnì. Ṣùgbọ́n irú gbígbà wo ni èyí? Bí 'Mo gbà' bá tóbi bí odindi ilẹ̀kùn, tí 'Rárá' sì fara sin sẹ́yìn ojú ewé mẹ́ta, a kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2019, nínú ẹjọ́ Planet49, ilé ẹjọ́ Yúróòpù kan náà sọ ọ́ pé àpótí tí a ti bá ènìyàn fàlà sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Nàìjíríà náà kò dákẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù. Ìlànà ààbò détà ti 2019 dárúkọ àdírẹ́sì IP gan-an mọ́ ohun tí a fi lè mọ ènìyàn. Òfin ààbò détà tí a buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2023, tí ó fi ẹsẹ̀ Nigeria Data Protection Commission múlẹ̀, sì ka àmì ìdánimọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn.

Òfin dára, ṣùgbọ́n ìwà ni ó ṣáájú òfin. Nínú Bíbélì, Dáfídì kọ lẹ́tà sí Jóábù, Ùráyà ni ó sì fi rán. Ohun tí ó wà nínú lẹ́tà náà ni pé kí a fi Ùráyà sí ibi tí ogun gbé gbóná jù, kí ó lè kú. Ùráyà gbé ikú ara rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì jẹ́ iṣẹ́ náà tọkàntọkàn. Kò tú u wò, nítorí pé olóòótọ́ ni. Òótọ́ inú rẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó rán an lò láti fi pa á. Gbogbo ẹni tí ó bá ka ìtàn yìí ni ó mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn lẹ́tà, kò sì sí lọ́rùn Ùráyà. Ẹni tí ó lo ìgbẹ́kẹ̀lé ìránṣẹ́ lòdì sí ìránṣẹ́ ni ó ṣẹ̀.

Yorùbá ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi ti ọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú òwe yìí fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ẹni tí yóò fi ti ọmọ jẹ́ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ tí a rán an. Ìmọ̀ yìí ni yóò jẹ́ kí ó lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, kí ó yọ èyí tí kò dára kúrò, tàbí kí ó kọ̀ láti lọ. Bí a bá di iṣẹ́ náà mọ́ ọn lára láìjẹ́ kí ó mọ̀, a ti gba ipò ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdánimọ̀ rere àti ìdánimọ̀ búburú nìyí. Dídá ènìyàn mọ̀ kò burú. Ohun tí ó burú ni kí ènìyàn máa ru àmì tí kò lè kà, kí àmì náà sì máa ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tí kò mọ̀.

Láti inú èyí, a lè béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kúkì dá ènìyàn mọ̀, ìbáà jẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun tàbí ọ̀dọ́ tí ó ń kọ ètò ní Yábàá. Èkíní, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ará ọjà gbọ́. Èkejì, kí àmì náà má ṣe kọjá iṣẹ́ tí ó bá ẹni náà wá. Èyí tí a fi rántí apẹ̀rẹ̀ ọjà kò gbọdọ̀ di èyí tí a fi ń tọpa àìsàn. Ìkẹta, kí ó rọrùn láti jù ú nù bí ó ti rọrùn láti gbà á. Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Firefox bẹ̀rẹ̀ sí í dènà kúkì àwọn atọpinpin fún gbogbo ènìyàn ní 2019, Safari sì dènà gbogbo kúkì ẹni-kẹta ní 2020. Google náà kéde ní 2020 pé òun yóò mú un kúrò nínú Chrome, ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2024, ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí owó bá sì wà, ọ̀rọ̀ ìwà kì í tètè rí ibi jókòó.

Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó máa jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí ó máa pa kúkì rẹ́ láti ìgbà dé ìgbà. Bí ó bá ń lo ojú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí ó wà nínú ètò rẹ̀, kí ó mọ̀ pé èyí lè pa kúkì rẹ́ bí ó bá tì í, ṣùgbọ́n kò bo àdírẹ́sì IP rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọmọ bí a ti ń ka àrokò nínú kíláàsì Yorùbá lè fi èyí kún un. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé àwọn baba òun fi owó ẹyọ bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò ní ṣàì lóye pé fóònù òun náà ń sọ̀rọ̀.

Ìyá aláṣọ Tẹ́júoṣó rántí oníbàárà rẹ̀, ṣùgbọ́n oníbàárà náà mọ ìsọ̀ rẹ̀, ó mọ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìyá náà rántí nípa òun. Bí ìyá náà bá sọ ohun tí kò yẹ kí ó sọ, oníbàárà lè bá a wí ní ojúkojú, ó sì lè kọjá sí ìsọ̀ kejì. Wọ́n jọ mọ ara wọn ni. Títí di ìgbà tí ọjà aláìlórùlé yìí yóò fi lè dúró níwájú oníbàárà rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe pe ohun tí ó ń ṣe ní ìdánimọ̀. Ìṣọ́ni ni.